Ta Ló Sọ Pé Oúnjẹ Wa Kì Í Yá?

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ọ̀làjú àárín wa ti fi kan oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, tí n kò sì tíì rí ẹni tó dìde dá a lóhùn bó ti yẹ. Wọ́n ní oúnjẹ wa kì í yá. Wọ́n ní kí a tó rí iyán jẹ, a ó bẹ iṣu, a ó sè é, a ó gún un, ọbẹ̀ yóò sì tún gba àkókò tirẹ̀ lórí iná. Wọ́n ní ayé ti di ayé eré sísá, pé ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òru kí ó lè wọ ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó kò ní àyè fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a fi oúnjẹ ilé wa sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìnáwó, kí a sì máa fi oúnjẹ inú ọ̀rá bọ́ àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ tó kù. Ọ̀rọ̀ yìí jọ òótọ́ létí ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ṣe wá ní ibi ni, ìdí nìyí tí mo fi gbé kálàmù.

Ẹni tó bá fi iyán nìkan díwọ̀n oúnjẹ Yorùbá dà bí ẹni tó fi agbádá nìkan díwọ̀n aṣọ wa. Agbádá kọ́ ni à ń wọ̀ lọ sí oko, agbádá kọ́ ni à ń wọ̀ sùn. A ní dàńṣíkí, a ní bùbá, a ní aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí aró tí kò ka àbàwọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oúnjẹ rí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ebi kì í dúró de iyán, ìdí nìyí tí wọ́n fi fún wa ní odindi ẹ̀ka oúnjẹ kan tí wọ́n pè ní ìpápánu. Gúgúrú wà níbẹ̀, ẹ̀pà sísun wà níbẹ̀. Àádùn, kókóró, róbó, ìpékeré, òjòjò, mọ́sà, dùǹdú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, àgbàdo bíbọ̀ tí a fi àgbọn jẹ, iṣu sísun tí a ti bọ epo àti iyọ̀: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló gba wákàtí méjì? Èwo ló nílò odó àti ọmọ odó?

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí tó rọrùn jù lọ yẹ̀ wò, èyíinì ni gàrí mímu. Ẹni tí ebi ń pa bu gàrí sínú abọ́, ó da omi tútù lé e, ó fi omi náà gbé ìdọ̀tí àti èèrí orí rẹ̀ dànù, ó tún omi mìíràn dà sí i, ó fi ṣúgà tàbí iyọ̀ sí i, ó da ẹ̀pà lé e lórí. Kò dá iná, kò fọ ìkòkò, kò wá epo kẹrosíìnì. Bí a bá fi aago wò ó, ìṣẹ́jú méjì kò ní tíì pé. Oúnjẹ olókùn inú ọ̀rá tí gbogbo ayé ń yìn pé ó yá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ọ̀hún kò sì ka àkókò tí omi fi hó mọ́ ọn. Ọdún 1958 ni Momofuku Ando gbé oúnjẹ olókùn sísè-tán jáde ní ilẹ̀ Japan, ọgbọ́n ńlá sì ni, n kò ní bu ọlá ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n kí 1958 tó dé, ó ti pẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ti ń gbé oúnjẹ sísè-tán tiwọn káàkiri nínú àpò aṣọ. Kí ló dé tí ọgbọ́n Japan fi ń jẹ́ ọ̀làjú, tí tiwa sì ń jẹ́ ìṣẹ́?

Ìdáhùn wà nínú ohun kan tí àwọn olùfisùn wa kò rò. Wọ́n rí i pé gàrí yá ní mímu, wọn kò bèèrè ohun tó mú kí ó yá. Kí gàrí tó di gàrí, ẹnì kan ti hú gbágùúdá, ó ti bó o, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti rin ín, ó ti dì í sínú àpò, ó ti gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ṣẹ́. Ó ti fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan. Rínrin, kíkan, fífún àti yíyan yìí ló ń lé oró inú gbágùúdá jáde, nítorí oró wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn Ìjẹ̀bú a máa fi tiwọn sílẹ̀ pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ, ìdí nìyí tí gàrí Ìjẹ̀bú fi ń kan lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni yóò jọ̀ ọ́, tí yóò sì yan án nínú agbada lórí iná tí èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, iṣẹ́ àṣelàágùn, ni wọ́n dì pọ̀ sínú abọ́ tí ìwọ fi ìṣẹ́jú méjì mu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ. Olùfẹ́ ẹ̀kọ tútù fọ́ ọ sínú omi, ó fi ṣúgà sí i, ó mu ún, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo ọ̀hún ti rẹ fún ọjọ́ mélòó kan, a ti lọ̀ ọ́, a ti sẹ́ ẹ, ògì rẹ̀ ti kan, a ti rò ó lórí iná, a sì ti fi ewé pọ́n ọn. Àádùn tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kan jẹ bó ti ń sáré lọ, àgbàdo tí a ti yan, tí a ti lọ̀ kúnná, tí a fi epo pupa, iyọ̀ àti ata pò ni. Àkàrà tí a rà ní aago mẹ́fà àárọ̀, alákàrà ti bó ẹ̀wà rẹ̀ lálẹ́ àná. Òfin tó wà nídìí gbogbo èyí ni pé oúnjẹ Yorùbá tó yá jù lọ, òun náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù lọ. A ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, kí ọjọ́ tí ọwọ́ há tó dé. Ìmọ̀ ètò àkókò nìyí. Ẹni tó bá sọ pé àwọn tó ronú báyìí kò mọ ìyára, òun gan-an ni kò mọ ohun tí ìyára jẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dá mi lóhùn báyìí: "Ṣé gbágùúdá tí o ń pariwo rẹ̀ yìí, ti Yorùbá ni? Ṣé àjèjì kọ́ ni òun náà?" Ìbéèrè tó dára ni, n kò sì ní sá fún un. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni gbágùúdá ti wá. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀pà ti wá, àgbàdo sì ti ọ̀nà Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú. Àwọn ará Portugal ló kó gbágùúdá dé etíkun ilẹ̀ wa, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ní ọwọ́ tó ga nínú bí gàrí ṣe tàn ká ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ogun ni mo ń bá ohun àjèjì jà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbígba nǹkan àti gbígbé nǹkan mì. Àwọn ìyá wa gba gbágùúdá, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀bà, di láfún, di fùfú, di gàrí mímu. Wọ́n gba àgbàdo, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ, àádùn, kókóró, ẹ̀gbo àti gúgúrú. Wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, wọ́n fún un ní àkókò jíjẹ, wọ́n fún un ní ẹnì kejì tí yóò máa bá a rìn. Búrẹ́dì pàápàá, tí a gbà lọ́wọ́ Òyìnbó, a ti fi àkàrà sí i láàárín, a ti fi ẹ̀wà agańyìn jẹ ẹ́, kò sì sí Òyìnbó tó lè sọ pé oúnjẹ tòun nìyẹn mọ́.

Ohun tí oúnjẹ inú ọ̀rá gbà lọ́wọ́ wa ni ipa ẹni tó ń ṣe é. Láti ọdún 1988 tí Indomie ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ni orúkọ ọ̀hún ti di orúkọ gbogbo oúnjẹ olókùn, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Mo gbà pé àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gbìyànjú láti sọ ọ́ di tiwa: wọ́n ń fi ata rodo sí i, wọ́n ń fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ sí i, àwọn ọlọ́jà alẹ́ ń sè é tà lẹ́bàá títì. Mo kí wọn fún ọgbọ́n wọn. Ṣùgbọ́n àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà, òkè òkun la sì ti ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àlìkámà wa. Àwa tí a ti dàgbà yóò rántí pé ní 1987 ni ìjọba ológun ìgbà náà fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, tí búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n gógó kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò ní 1992. Ní àkókò ọ̀hún, kí ló gba àwọn ọmọ là ní òwúrọ̀? Ẹ̀kọ ni, àkàrà ni, iṣu ni, gàrí ni. Ilé tí ó ti gbàgbé bí a ti ń ṣe wọ́n, kí ni yóò fi pa ebi nígbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé? Ọjọ́ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ju 40 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i láàárín ọdún kan. Ní irú àkókò yìí, ìmọ̀ bí a ti ń fi ohun kékeré ṣe oúnjẹ kọjá àṣà lásán. Ẹ̀mí ni.

Àwọn mìíràn yóò gba ọ̀nà ìlera yọ sí mi. Wọ́n á ní okun nìkan ló wà nínú gàrí, kò sí ohun tí ń mú ara dàgbà níbẹ̀. Òótọ́ ni, bí a bá mu ún lásán. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí a mu ún lásán? Àwọn tó ṣe àgbékalẹ̀ oúnjẹ yìí kò kàwé nípa èròjà ara, síbẹ̀ wọn kò fi gàrí sílẹ̀ láìní ẹnì kejì. Ẹ̀pà ni wọ́n fi tì í, tàbí kúlíkúlí, tàbí ẹja díndín, tàbí wàràkàṣì, tàbí ẹ̀wà. Ẹ wo ẹ̀kọ àti àkàrà tí a kì í fẹ́ yà nípa. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti ṣàlàyé pé ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú èròjà amáradàgbà inú àgbàdo, ẹ̀wà ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tó sì dín nínú ti ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ikùn, wọ́n á pé. Alákàrà àti ẹlẹ́kọ tí wọ́n jókòó síwájú ara wọn ní orígun mẹ́ta àdúgbò ti ń ṣe ìgbéyàwó yìí kí ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu gàrí lórí ọ̀rọ̀ ìlera, tó sì wá ń fún ọmọ rẹ̀ ní okùn àlìkámà pẹ̀lú ìdì iyọ̀ kékeré kan, kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ti ìtìjú tí a fi ń kọ́ ọmọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mú ìwé kan wálé láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé náà to àwọn ìpápánu tí òbí lè dì fún ọmọ lẹ́sẹẹsẹ: bisikíìtì, kéèkì, ànàmọ́ díndín inú ọ̀rá, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò fẹ́ "oúnjẹ ìbílẹ̀ tó ń rùn." Ọmọ náà ti dáwọ́ àkàrà jíjẹ dúró kí n tó rí ìwé ọ̀hún. Mo bi ara mi léèrè: òórùn wo ló wà lára ẹ̀pà sísun tí kò sí lára kéèkì? Ìpékeré tí wọ́n kọ̀, kí ló fi burú ju ànàmọ́ díndín tí wọ́n gbà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà la gbà ṣe méjèèjì, tí a gé e pẹlẹbẹ, tí a sì dín in nínú òróró? Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn ju pé ọ̀kan ní orúkọ Òyìnbó, èkejì sì ní orúkọ ìyá wa. Olùkọ́ tó kọ ìwé yẹn kò kọ́ ọmọ náà ní ìmọ́tótó. Ó kọ́ ọ láti máa tijú ilé tó ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwà yìí wé ti àwọn tí wọ́n fi ìyà kó kúrò ní ilẹ̀ yìí. Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín àkàrà nínú epo pupa lẹ́bàá títì títí di òní. Acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà tiwa sì ń dún ketekete nínú orúkọ náà. Oúnjẹ Ọya ni lọ́dọ̀ wọn. Oko ẹrú kò mú wọn gbàgbé rẹ̀, ọ̀rúndún mélòó kan kò mú wọn gbàgbé rẹ̀. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé ohun-ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ọdún 2014 sì ń bọ̀, tí ó dà bí ẹni pé wọn kò ní jẹ́ kí àwọn obìnrin náà tajà ní pápá ìṣeré, wọ́n dìde, wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì borí. Àwọn tí a jí gbé ń fi àkàrà yangàn níwájú gbogbo ayé. Àwa tí a kò jí gbé ń kọ ìwé sí òbí pé àkàrà ń rùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí àwọn obìnrin padà sídìí ọlọ. Ọlọ ti ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta ti dé, mo sì dúpẹ́ fún un. Ẹni tó bá rẹ ẹ̀wà lálẹ́, tó bó o, tó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ láàárọ̀, yóò ti dín àkàrà tirẹ̀ kí omi ìwẹ̀ ọmọ tó gbóná. N kò sì sọ pé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni. Gàrí kò bèèrè ọkùnrin tàbí obìnrin kí ó tó rẹ. Bàbá tó lè wa ọkọ̀ lè rin ewùrà, kí ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i, kí ó dín in ní òjòjò fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíràn fẹ́ kó dànù, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ó fi ìyẹ̀fun díẹ̀ àti ata pò ó, kí àgbà sì bá a dín in ní mọ́sà. Àwọn ará Ìkirè ti fi irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ ara wọn di olókìkí: dòdò Ìkirè tí arìnrìn-àjò ń rà lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí tó bẹ́ẹ̀ ni pé oúnjẹ àti èdè, bákan náà ni wọ́n ń kú. Èdè kì í kọ́kọ́ kú nínú ewì àti oríkì. Ewì lè wà nínú ìwé fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Inú ilé ló ti ń kú, nígbà tí a kò bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ mọ́, tí a kò fi bá a wí, tí a kò fi kí i ní àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ. Iyán kò ní tètè kú, nítorí ọjọ́ ìnáwó yóò máa gbé e ró. Àwọn ohun kékeré ni ikú ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: róbó, àádùn, mọ́sà, ẹ̀gbo. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ po gàrí rí, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín róbó àti kúlíkúlí, yóò dàgbà tán, yóò sì máa jẹ iyán bí àlejò ti ń jẹ ẹ́ ní ilé ìtura, pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà náà ni ẹ̀sùn àwọn ọ̀làjú wa yóò wá di òótọ́, tí oúnjẹ Yorùbá yóò di ohun tí kì í yá, nítorí àwa fúnra wa ti pa gbogbo èyí tó ń yá nínú rẹ̀.

Nítorí náà, mo ké sí ẹ̀yin òbí, ẹ ra ẹ̀pà sínú ilé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí yín níbi tí ẹ ti ń mu gàrí láìfi ìlẹ̀kùn pamọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fa ìlà pupa sí ìwé tó ń kọ àkàrà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà ní abúlé, ẹ bi í léèrè bó ti ń ṣe àádùn kí ó tó pẹ́ jù, kí ẹ sì ṣe é lójú rẹ̀ títí yóò fi sọ pé ó dára. Kò sí èyí tó gba owó púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó gba àkókò. Ó yá ju bí wọ́n ti ń sọ fún wa lọ.